Ibi Tí Ẹ Máa Sùn Lójú Ọ̀nà Santiago Nígbà Tí Èrò Bá Pọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Múra láti Èkìtì

Camino de Santiago ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń rìn láti ayé àtijọ́ lọ sí ibojì Jákọ́bù Mímọ́, ọ̀kan nínú àwọn àpọ́sítélì méjìlá, ní Santiago de Compostela, ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Sípéènì. Ẹni tó bá ń múra láti Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìdó tàbí Ìkọ̀lé sábà máa ń fi gbogbo ọkàn sí físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Ibi tí yóò máa sùn lálaalẹ́ kì í jọ ọ́ lójú, àfìgbà tó bá dé ìlú kan ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ ti wú, tó wá rí i pé wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ilé ti kún. Ìyẹn ṣeé yẹra fún. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa ń béèrè jù nìyí.

Ìgbà wo gan-an ni èrò máa ń pọ̀ jù?

Ó dá lórí apá ibi tí ẹ bá wà. Ọ̀nà tó lókìkí jù ni Camino Francés, tó bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 780, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi ọjọ́ 30 sí 35 rìn ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí, oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án ni èrò ń pọ̀ jù, torí pé ojú ọjọ́ tù wọ́n lára nígbà náà. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, oòrùn máa ń mú gan-an lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Meseta tó wà láàárín ọ̀nà, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan bí 115 kìlómítà tó kẹ́yìn, láti Sarria dé Santiago, máa ń kún bámúbámú: àwọn ará Sípéènì wà nísinmi, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì ń rìn lẹ́gbẹẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó ṣáájú Àjíǹde náà rí bẹ́ẹ̀ ní Sarria.

Lọ́dún 2024, àwọn tó gba Compostela, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé èèyàn rìn dé, lé ní 499,000. Ọdún 2027 á tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé Ọdún Mímọ́ ni. Ọdún Mímọ́ máa ń wáyé nígbà tí ọjọ́ Jákọ́bù Mímọ́, 25 oṣù Keje, bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ti 2021 ni èyí tó kọjá, Póòpù Francis sì fà á gùn dé 2022 nítorí àrùn kòrónà. Bí ẹ bá ń fojú sí 2027, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibùsùn sílẹ̀.

Irú ilé wo ni wọ́n ń sùn sí?

Albergue ni wọ́n ń pè é, ilé tó wà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò mímọ́ yìí. Yàrá ńlá ni, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ló sì kún inú rẹ̀, bíi ti họ́sítẹ́ẹ̀lì iléèwé. Ti ìjọba wà. Ní ìpínlẹ̀ Galicia, níbi tí Santiago wà, ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Xunta ló ni wọ́n, nǹkan bíi yúrò 10 sì ni alẹ́ kan. Wọn kì í gba ibùsùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ti aládàáni wà, èyí tó sábà máa ń tó yúrò 15 sí 20, àwọn yẹn sì ń gba orúkọ sílẹ̀. Ti ìjọ àti ti àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ náà wà. Nínú àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ jẹ́ donativo, níbi tí ẹ ó ti fi ohun tí agbára yín bá gbé sínú àpótí. Ní Grañón, orí tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú ilé tó so mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sùn. Ẹ jọ̀wọ́, donativo kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó tí ẹ bá fi sílẹ̀ lónìí ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ àwọn tó ń bọ̀ lọ́la.

Ẹni tó bá fẹ́ yàrá tirẹ̀ nìkan lè wá pensión tàbí hostal, ìyẹn ilé àlejò kékeré. Owó rẹ̀ máa ń tó yúrò 40 sí 60, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ tán ní àwọn ìlú kéékèèké.

Ṣé ẹnikẹ́ni lè wọ albergue?

Rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ ní credencial, ìwé pélébé tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sí ní gbogbo ibi tí ẹ bá sùn. Yúrò díẹ̀ ni, ẹ ó sì rí i gbà ní ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò ní Saint-Jean, ní Roncesvalles tàbí ní Sarria. Wọ́n á tún béèrè páásípọ́ọ̀tù yín, torí òfin Sípéènì ní kí wọ́n forúkọ gbogbo àlejò sílẹ̀. Ẹ má kó o sí ìsàlẹ̀ àpò. Bí ẹ bá fẹ́ gba Compostela, ẹ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rin ó kéré tán 100 kìlómítà, kí ẹ sì rí i pé òǹtẹ̀ méjì ló wọ credencial yín lójúmọ́ kan lórí 100 kìlómítà tó kẹ́yìn.

Ṣé kí n gba ibùsùn sílẹ̀ fún gbogbo alẹ́ kí n tó kúrò nílé?

Nítorí ìrìn fúnra rẹ̀, kò pọn dandan. Àmọ́ àwọn tó ń gbé físà jáde ń fẹ́ rí ibi tí ẹ máa sùn. Ọ̀ràn méjì yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ti físà: ìjọba Sípéènì lẹ máa bẹ̀, kódà bó jẹ́ Saint-Jean ní Faransé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, torí Sípéènì lẹ ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù. Ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé físà wà ní Èkó àti Àbújá. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90, ẹ ó sì nílò ìwé ìbánigbófò tó bo ìtọ́jú tó tó yúrò 30,000. Ẹ lè kó ìwé wọlé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15, torí wọn kì í gbà á mọ́ lẹ́yìn náà. Fún ẹni tó fẹ́ rìn ní àsìkò èrò, oṣù mẹ́ta ṣáájú gan-an ti ń pẹ́. Ẹ fi ètò ìrìn yín ṣe ìwé kan: ọjọ́, ìlú, kìlómítà, orúkọ ilé tí ẹ ó sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ibùsùn ní àwọn ilé tó gbà kí èèyàn fagi lé e láìsan owó. Ẹ ka ọjọ́ tí àǹfààní yẹn máa parí dáadáa, torí àwọn kan ń fún èèyàn ní wákàtí 24 péré, àwọn mìíràn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má ṣe ra ìwé ibùsùn ayédèrú lọ́wọ́ aṣojú kankan. Ipè kan péré sí ilé náà ló máa tú àṣírí rẹ̀, kíkọ̀ tí wọ́n bá sì kọ físà yín á tẹ̀ lé yín lọ sí ìgbà mìíràn tí ẹ bá tún bẹ̀bẹ̀.

Ní ti ìrìn: tí físà bá ti jáde, àwọn alẹ́ tó le nìkan ni kí ẹ dì mú gírígírí. Àwọn náà ni alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ìlú tó bá ń ṣọdún, gbogbo ọ̀nà láti Sarria dé Santiago, àti Santiago fúnra rẹ̀. Fún ìyókù, ẹ pe ilé tí ẹ máa sùn lọ́la tàbí lọ́tùn-únla. Ẹni tó bá di gbogbo alẹ́ 33 pọ̀ gbagidi, ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bó, gbogbo ètò tó kù ló dàrú. Bí ẹ kò bá sì ní lè dé ibi tí ẹ ti gbà, ẹ pè wọ́n kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Kì í dùn mọ́ni nínú pé ibùsùn kan ṣófo mọ́jú, tí ẹni tó rìn kìlómítà 28 sì ti yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé náà.

Kí ló dé tí ibùsùn fi máa ń tán ní ìlú kan, tí ti abúlé kejì ṣì wà nílẹ̀?

Àwọn ìwé atọ́nà ló fà á. Gbogbo wọn ló pín ọ̀nà náà sí ojúmọ́ bákan náà, gbogbo èèyàn sì ń sùn níbi kan náà. Láti Sarria, ìpín tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé ni Portomarín, Palas de Rei, Arzúa, O Pedrouzo, kí wọ́n tó wọ Santiago lọ́jọ́ karùn-ún. Ìlú mẹ́rin yìí ló ń kún. Àwọn abúlé tó wà láàárín wọn ní albergue tiwọn, ìlú ńlá sì ni gbogbo ojú ń wò.

Ẹ wo bí ẹ ṣe lè pín in lọ́nà míì. Láti Sarria, ẹ rìn dé Ferreiros lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nǹkan bíi kìlómítà 13. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹun ọ̀sán ní Portomarín, ẹ má sùn níbẹ̀, ẹ tẹ̀síwájú dé Gonzar, kó jẹ́ 17. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ la Palas de Rei kọjá dé San Xulián, nǹkan bí 20. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ gba Melide kọjá dé Ribadiso, tó wà lẹ́bàá odò, nǹkan bí 23. Lọ́jọ́ karùn-ún, Salceda, 14. Lọ́jọ́ kẹfà, Lavacolla, 18. Kìlómítà 10 ló kù lọ́jọ́ keje, ẹ ó sì wọ Santiago ní òwúrọ̀. Ọjọ́ méjì ló fi pọ̀ ju ti ìwé atọ́nà lọ, ó sì dára fún àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn. Àmọ́ abúlé kékeré ni wọ́n, ibùsùn wọn kò pọ̀, ní oṣù Kẹjọ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ pè wọ́n ṣáájú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òkè ni.

Òkè gidi ni. Láti Saint-Jean dé Roncesvalles tó kìlómítà 25, ẹ ó sì gùn ju mítà 1,200 lọ. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà ṣe ń gun òkè wọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kó mọ̀ pé èyí ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹsẹ̀ sì ni. Fún ìdí yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ pín in sí méjì, kí wọ́n sùn ní Orisson, kìlómítà 8 lókè. Ibùsùn Orisson kéré níye, àwọn èèyàn sì máa ń gbà á lóṣù púpọ̀ ṣáájú. Bí ẹ kò bá rí i gbà, ẹ sọdá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó gba Valcarlos kọjá tún wà, kò ga tó ti òkè, àwọn ilé kan sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè sùn sí.

Ní Roncesvalles, albergue ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ibùsùn 183 ló wà níbẹ̀, ó sì ń gba orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba tibẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí ìletò kékeré ni Roncesvalles. Bó bá kún, Burguete wà ní kìlómítà 3 síwájú. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, torí àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ ará Europe máa ń dé. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀ máa ń fúyẹ́ jù.

Báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ Spanish?

Ìkànnì Gronze ní orúkọ albergue gbogbo, iye ibùsùn, owó àti nọ́ńbà fóònù. Ọ̀pọ̀ ń dáhùn lórí WhatsApp. Ẹ fi èyí ránṣẹ́, kí ẹ pààrọ̀ ọjọ́: «Buenas tardes. Soy peregrino de Nigeria. Quisiera reservar una cama para la noche del 14 de mayo. ¿Tienen sitio? Gracias.» Bí obìnrin bá ni yín, ẹ kọ «peregrina». Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, ẹ fi «cama de abajo, por favor» kún un. Màmá tí orúnkún ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí pé òmíràn nínú àwọn bẹ́ẹ̀dì òkè náà kò ní àkàbà tó dára. Láàárín aago méjì sí márùn-ún ọ̀sán, àwọn kan máa ń sinmi, fóònù lè dún títí. Ẹ tún pè lẹ́yìn náà.

Káàdì náírà mi ńkọ́?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Ó lè kọ̀ lórí ìkànnì, ó sì lè ní òdiwọ̀n owó tó lè ná lókè òkun lóṣù kan. Ẹ ṣí àkáǹtì owó ilẹ̀ òkèèrè ní báńkì yín, ẹ gba káàdì rẹ̀, kí ẹ sì fi ra nǹkan kékeré kan lórí ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí ẹ ṣì wà nílé, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ albergue aládàáni kì í béèrè owó ṣáájú. Wọ́n á kọ orúkọ yín, ẹ ó sì san án nígbà tí ẹ bá dé. Àwọn donativo àti ilé abúlé ń fẹ́ owó lọ́wọ́, kò sì sí ẹ̀rọ ATM ní gbogbo abúlé. Ẹ máa mú owó tó tó ọjọ́ mẹ́ta dání, yúrò kéékèèké, kó má sì jẹ́ àpò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà.

Aago mélòó ni kí n dé ibi tí mo ti fẹ́ sùn?

Ti Xunta máa ń ṣílẹ̀kùn ní aago kan ọ̀sán. Ní oṣù Kẹjọ, àpò ẹ̀yìn ti máa ń tò lẹ́nu ọ̀nà láti aago mọ́kànlá, àpò ló ń dúró fún olówó rẹ̀ lórí ìlà. Nítorí náà, ẹ gbéra láàárín aago mẹ́fà sí méje, kí ẹ sì rìn kìlómítà 18 sí 22, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti gba ti aládàáni sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á fi ibùsùn pa mọ́ fún yín dé aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fún ẹlòmíràn bí ẹ kò bá pè. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn jáde ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Alẹ́ kan ṣoṣo ni ti ìjọba ń gbà yín sí, àyàfi tí ara kò bá yá.

Mo dé, wọ́n ní ó ti kún. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má kọjá lọ ní kánjúkánjú. Ẹ wọlé, ẹ mu omi, ẹ bẹ olùtọ́jú ilé, hospitalero ni wọ́n ń pè é, kó bá yín pe abúlé tó wà níwájú. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè nílé ọtí tàbí ilé oúnjẹ tó wà nítòsí, torí àwọn kan ní yàrá lókè tí kò sí lórí ìkànnì kankan. Bí ibi gbogbo bá kún, ẹ wọ takisí lọ sí ìlú tí ibùsùn wà, kí ẹ sì padà wọ takisí láàárọ̀ wá síbi tí ẹ ti dúró, kí ẹ máa rìn láti ibẹ̀. Compostela yín kò bàjẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti fẹsẹ̀ rin gbogbo ibi tó yẹ. Ní àsìkò tí èrò bá pọ̀ jù, àwọn ìlú kan máa ń ṣí gbọ̀ngàn eré ìdárayá sílẹ̀. Ẹ bèèrè «polideportivo» ní ọ́fíìsì ìlú.

Ohun tí a kò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ máa rìn lọ lórí Meseta ní aago mẹ́rin ọ̀sán oṣù Keje láìtíì mọ̀ bóyá ibùsùn wà níwájú. Lẹ́yìn Carrión de los Condes, nǹkan bíi kìlómítà 17 wà tí ẹ kò ní rí abúlé kan. Oòrùn ibẹ̀ gbẹ, igi kò sí, òógùn á sì máa gbẹ lára yín kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń làágùn.

Àwọn ọdún ìbílẹ̀ wo ni kí n ṣọ́ra fún?

Pamplona, láti 6 sí 14 oṣù Keje: San Fermín, ọdún tí wọ́n ti ń sáré níwájú akọ màlúù. Owó yàrá á ga, àwọn albergue kan á sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ sùn ṣáájú ìlú náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ní Cizur Menor fún àpẹẹrẹ. Logroño, nǹkan bí 21 oṣù Kẹsàn-án, àsìkò ìkórè àjàrà. Santiago, 24 àti 25 oṣù Keje.

Ìjọ wa fẹ́ lọ, a tó méjìlá.

Ẹ má retí pé ilé ìjọba kan á gbà yín lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá bí mọ́tò bá ń tẹ̀ lé yín. Ẹni tó ń dá rìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ bá ti aládàáni sọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, kí ẹ gba yàrá odindi, kí ẹ sì múra àtisan àsansílẹ̀. Ọgbọ́n tó dára jù ni kí ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ méjì ẹlẹ́ni mẹ́fà, kí ẹgbẹ́ kejì tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ tún sọ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n tó sanwó pé yàrá kan náà ni ọkùnrin àtobìnrin ń sùn. Ìyá ìjọ tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè mọ̀, kí ẹ lè wá yàrá aládàáni fún un.

Kí ni kí n mú dání nítorí oorun?

Àpò ìsùn fúlẹ́fúlẹ́, torí ti Xunta, aṣọ bẹ́ẹ̀dì alẹ́ kan tí wọ́n ń dà nù ni wọ́n ń fún yín, kò sí kúbùsù tó dájú. Òru orí òkè tutù, kódà ní oṣù Karùn-ún. Tówẹ́lì tó ń tètè gbẹ, sálúbàtà, ohun dídí etí, torí ẹni tó ń hanrun kò ní ṣàì wà. Kí ẹ tó tẹ́ àpò ìsùn, ẹ gbé tìmùtìmù sókè, ẹ tan iná fóònù sí ojú rírán rẹ̀ àti igun bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tóótòòtó, ìdun ni. Ẹ sọ fún hospitalero, ẹ má gbé àpò lé orí bẹ́ẹ̀dì rárá.

Ọ̀pọ̀ albergue ní ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ti Xunta sábà máa ń jẹ́ sítóòfù lásán, láìsí ìkòkò tàbí ṣíbí. Ẹni tí kò lè ṣe láìjẹ iyán kó mú èlùbọ́ iyán díẹ̀ àti ìkòkò fúyẹ́ kan. Ẹran gbígbẹ àti wàrà kò gbọdọ̀ wọ Europe, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣé wọ́n lè bá mi gbé àpò lọ síwájú?

Bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan bíi yúrò 5 sí 7 lójúmọ́, Correos tó jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn náà ń ṣe é. Àmọ́ ibi tí ẹ ti gba ibùsùn sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn ilé Xunta kì í gba àpò tó ṣáájú olówó rẹ̀ dé.

Ṣé kò sí ọ̀nà tí èrò kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Camino Inglés láti Ferrol lé ní kìlómítà 110, ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, ó sì dákẹ́ ju ti Sarria lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní A Coruña, ọ̀nà ibẹ̀ kò pé 100 kìlómítà tí wọ́n ń béèrè fún Compostela. Camino Portugués láti Tui náà dára, àmọ́ òun náà ti ń kún ní ìgbà ooru tiwọn, bí oṣù Keje àti Ìkẹjọ.

Santiago fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ gba alẹ́ méjì níbẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Seminario Menor, ọ̀kan nínú àwọn albergue ibẹ̀, tóbi, ó ní yàrá ẹlẹ́nìkan, ó sì ń gba orúkọ sílẹ̀. Bí ó bá kún, ẹ sùn ní Monte do Gozo, kìlómítà 5 sí ìlú, albergue ńlá ni. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì ọ́fíìsì Compostela kí ẹ tó dé ibẹ̀, ìlà á yá. Ìsìn àwọn arìnrìn-àjò wà ní aago méjìlá ọ̀sán àti aago méje ààbọ̀ alẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí àpò ẹ̀yìn wọ kàtídírà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí ẹ máa sùn, kí ẹ sì dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú bí ẹ bá fẹ́ rí ìjókòó.